Ìlàjà Kì í Ṣe Iṣẹ́ Lọ́yà, Àmọ́ Ó Ní Òfin Tirẹ̀

Ní Ìkìrun, ní Ìnísà àti ní Òkukù, kóòtù kọ́ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ń kọ́kọ́ dé. Bí ọmọ ìyá méjì bá ń du ilé bàbá wọn, iwájú olórí ẹbí ni wọ́n ń lọ. Bí olóko méjì bá ń fa ààlà mọ́ra wọn lọ́wọ́, baálé abúlé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Bí owó àjọ bá há sọ́wọ́ ẹnìkan nínú ọjà, ìyálọ́jà ni yóò pè wọ́n jókòó. Tọkọtaya tí ilé wọn kò tòrò mọ́, ààfáà tàbí pásítọ̀ ló ń bá wọn dá sí i. Èyí tó bá kọjá agbára gbogbo àwọn wọ̀nyí, ààfin ló ń gbé e lọ: ọ̀dọ̀ Akínrun ní Ìkìrun, ọ̀dọ̀ Olúnisà ní Ìnísà, ọ̀dọ̀ Olókukù ní Òkukù. Ìgbà tí kò bá sì lójútùú níbẹ̀ ni ẹnìkan yóò tó ní òun ń lọ gba lọ́yà. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán nílé.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń làjà kì í sábà bi ara wọn, àfi lọ́jọ́ tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò tẹ́ lọ́rùn bá dìde, tó ní: "Ta ló fún yín láṣẹ? Ṣé lọ́yà ni yín ni?" Ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbínú lásán. Òfin ilẹ̀ wa kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà máa ṣe iṣẹ́ lọ́yà. Bí ìlàjà bá jẹ́ iṣẹ́ lọ́yà, a jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àgbà nínú ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló ń rú òfin lójoojúmọ́. Bí kò bá sì jẹ́ iṣẹ́ lọ́yà, kí ló wá ń dá onílàjà lọ́wọ́ kọ́ tí kò fi ní di ẹni tó ń fi agbára jẹ aláìní níyà?

Ohun tí mo gbà gbọ́, tí òfin sì ti lẹ́yìn, ni pé ìlàjà kì í ṣe iṣẹ́ lọ́yà. Ṣùgbọ́n ààlà tó wà láàárín méjèèjì kò fẹ̀ rárá. Gbólóhùn kan, tàbí ìwé kan ṣoṣo, lè gbé onílàjà kọjá rẹ̀ láìfura. Ó sì tó gẹ́ẹ́ kí gbogbo ẹni tí a ń pè jókòó sí ọ̀rọ̀ aráàlú mọ ibi tí ààlà náà wà.

Kí ni iṣẹ́ lọ́yà?

Legal Practitioners Act ni orúkọ òfin tó ń darí iṣẹ́ lọ́yà ní Nàìjíríà. Òun ló sọ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti máa ṣe iṣẹ́ náà. Abala 22 nínú rẹ̀ wá ka ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ ṣe. Kò gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé lọ́yà lòun. Kò gbọ́dọ̀ gbowó kọ ìwé lórí ilẹ̀ tàbí ilé, tàbí ìwé tí wọ́n fi ń gba àṣẹ láti pín ogún òkú, tàbí ìwé tí wọ́n ń mú lọ sí kóòtù. Kò sí ibì kankan nínú àkójọ yìí tó ní kí àgbàlagbà má pe oníjà méjì jókòó.

Ìdí rẹ̀ yóò hàn bí a bá wo ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Lọ́yà ní oníbàárà. Ẹ̀yìn ẹnìkan ló dúró sí, ẹni náà ló ń gbà nímọ̀ràn, orúkọ ẹni náà ló fi ń sọ̀rọ̀. Adájọ́ kò dúró sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ ẹni tó jàre, ohun tó bá sì sọ ti di dandan. Onílàjà kò ní oníbàárà, kò sì ní ìdájọ́ lọ́wọ́. Àárín ló wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó jẹ́ kí àwọn tó ń jà gbọ́ ara wọn yé, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí yóò parí ìjà. Bí wọ́n bá kọ̀, kò lè fipá mú wọn.

Ká ní ìdílé méjì ń du ilẹ̀ oko kan lẹ́bàá Òkukù. Àwọn kan ní bàbá àgbà àwọn ló gbin pèrègún sí ààlà, ibi tí pèrègún dé ni tàwọn dé. Àwọn tọ̀hún ní rárá, ipa odò kékeré kan ló wà láàárín àwọn látijọ́. Ìjà náà ti sùn fún ọdún púpọ̀, àfi ìgbà tí ẹnìkan fẹ́ ra púlọ́ọ̀tì níbẹ̀ tó wá jí.

Onílàjà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í pè wọ́n sílé ọ̀kan nínú wọn. Ibi tí kò jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ kankan ló ń fi ìjókòó sí, yóò sì ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí yóò sọ̀rọ̀. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni lanu, yóò bi gbogbo wọn bóyá tinútinú ni wọ́n fi wá. Lẹ́yìn náà, yóò ní kí ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ sọ tirẹ̀ délẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí àwọn kan bá rojọ́ tán, àwọn tọ̀hún yóò ro tiwọn, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìbéèrè ni yóò máa bi wọ́n, kì í ṣe ìbáwí: "Ta ló ń kọ ọ̀pẹ ibẹ̀ nígbà ayé bàbá yín? Ọdún wo lẹ ro oko débẹ̀ kẹ́yìn? Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbin pèrègún yẹn?" Bí ó bá tó àkókò, gbogbo wọn yóò jọ rìn dé oko, wọn yóò tọ ẹsẹ̀ pèrègún náà lọ láti ọ̀kan dé èkejì.

Lẹ́yìn èyí, yóò pe ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn ti ń jáde. Àgbà kan lè sọ pé kì í ṣe ilẹ̀ gan-an ló ń dun àwọn. Nígbà tí bàbá àwọn tọ̀hún kú, wọn kò ránṣẹ́ sí ìdílé àwọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni bàbá méjèèjì. Òmíràn lè sọ pé ìyá àgbà kan wà nínú ilé tó jẹ́ pé epo tó ń rí nínú ọ̀pẹ ibẹ̀ ló fi ń jẹun. Ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n lè gbà pé pèrègún ni ààlà, ṣùgbọ́n ìyá àgbà yóò máa kọ ọ̀pẹ tó wà níwájú rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀, àti pé ìdílé tó ṣẹ̀ nípa òkú yóò wá tọrọ àforíjì. Adájọ́ kankan kò lè dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ òkú tàbí ọ̀rọ̀ epo wá síwájú rẹ̀. Ilẹ̀ nìkan ni wọ́n fi pẹjọ́.

Kò sí ìgbà kankan nínú gbogbo èyí tí onílàjà sọ pé, "Ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi." Kò dúró sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Kò ṣe iṣẹ́ lọ́yà, kò sì ṣe ti adájọ́.

Ibi tí ẹsẹ̀ onílàjà ti ń yẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ tó ń mú ẹsẹ̀ yẹ̀ ni ìmọ̀ràn. Bí onílàjà bá pe ẹnìkan sẹ́yìn ilé tó ní, "Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé kóòtù, ẹ̀yin ni yóò jàre, ẹ má gbà ju ìdajì lọ," ó ti fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti mú òfin, ó ti fi í wọn ọ̀rọ̀ ẹni náà, ó sì ti sọ ohun tí kóòtù yóò ṣe. Iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ fún gbogbo wọn lójú ara wọn pé títa ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀ máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ní kóòtù, kí wọ́n lọ bi lọ́yà wọn, ó kàn la ojú wọn ni.

Ìyàtọ̀ yìí ti fa àríyànjiyàn gidi ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tó de ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ lọ́yà láìgbàṣẹ, àwọn onílàjà tí kì í ṣe lọ́yà sì ń bẹ̀rù pé wọ́n lè gbá àwọn mú. Ní 1999, ìpínlẹ̀ Virginia gbé ìlànà jáde tó ya ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀: onílàjà lè sọ ohun tí òfin wí, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fi í wọn ọ̀rọ̀ ẹnìkan láti sọ bí ẹjọ́ yóò ṣe rí. Ní oṣù Kejì 2002, ẹ̀ka tó ń rí sí ìparí ìjà nínú ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà, American Bar Association, fẹnu kò pé ìlàjà kì í ṣe iṣẹ́ lọ́yà, nítorí pé onílàjà kò ṣojú fún ẹnikẹ́ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin iṣẹ́ lọ́yà tó jáde ní 2007 ka iṣẹ́ mẹ́fà tí ẹni tó gbàṣẹ nìkan lè ṣe: sísọ̀rọ̀ ní kóòtù, dídarí ẹjọ́, kíkọ àwọn ìwé kan bíi ti ilẹ̀, ìwé ogún òkú, iṣẹ́ nótárì àti gbígba ìbúra. Kò sí ìlàjà nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé London tàbí Houston, tí wọ́n ń parí ìjà láàárín ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, lè fi ọkàn balẹ̀ lórí èyí.

Ohun kejì ni ìwé. Ìjà ilẹ̀ kì í tán láìsí ìwé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ onílàjà rere ti ń ṣèèṣì. Kíkọ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí sílẹ̀, pé ọjọ́ báyìí a jókòó, ohun báyìí la gbà, tí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i, kò léwu. Ṣùgbọ́n ìwé tó gbé ilẹ̀ láti ọwọ́ ẹnìkan sí ọwọ́ ẹlòmíràn, bí onílàjà bá gbowó kọ ọ́, abala 22 tí mo mẹ́nu bà lókè yẹn ló rú. Kí wọ́n gbé e fún lọ́yà. Owó tí wọ́n bá san fún lọ́yà lónìí kéré sí owó tí wọn yóò ná ní kóòtù lọ́dún mẹ́wàá òní.

Ohun mìíràn tún wà nípa ìwé. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé ti wà láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó sọ pé ẹni tó bá bá ẹni tí kò mọ̀wé kọ̀wé gbọ́dọ̀ ka ìwé náà sí i létí, kó túmọ̀ rẹ̀ kí ẹni náà tó tẹ̀ka, kí òǹkọ̀wé náà sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sínú ìwé náà. Ìyá arúgbó tó tẹ ìka sí ìwé ìlàjà tí ẹnikẹ́ni kò kà sí i létí kò tíì gbà sí ohunkóhun, kódà bí odindi ààfin bá ń wò ó.

Ohun kẹta ni owó. Kò sí ohun tó burú nínú kí wọ́n san nǹkan fún onílàjà fún àkókò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kó jọ san án, kí wọ́n sì mọ iye rẹ̀ kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gba obì àti owó lálẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkan kì í ṣe onílàjà mọ́ ní òwúrọ̀. Lọ́yà pẹ̀lú lè làjà, ọ̀pọ̀ wọn ló sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Àmọ́ ọjọ́ tó bá wà láàárín, kí ó bọ́ aṣọ agbẹjọ́rò sílẹ̀, kí ó sì sọ fún wọn pé òun kì í ṣe lọ́yà ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kò sì gbọ́dọ̀ padà wá gbẹjọ́ rò fún ọ̀kan nínú wọn lórí ọ̀rọ̀ kan náà.

Àwọn pásítọ̀ méjì àti ogun tó dé Ìkìrun

Àwọn ará agbègbè yìí kò nílò kí wọ́n lọ jìnnà kí wọ́n tó rí ẹ̀kọ́ nípa ìlàjà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 1878, ogun Jálumi jà ní Ìkìrun. Ìbàdàn ló borí, ṣùgbọ́n ìjà kò tán. Ogun Kírìjì ń lọ lọ́wọ́ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, Ìkìrun sì di ibùdó ogun tí Ìbàdàn fi ń dojú kọ Ìlọrin. Àwọn ará Òkukù pàápàá kó kúrò nílé, wọ́n wá sá di Ìkìrun fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí kọ̀wé sí gómìnà Èkó pé kó wá bá wọn pẹ̀tù sí i. Ó gba ọdún díẹ̀ kó tó ṣeé ṣe. Ní 1886, Gómìnà Moloney rán pásítọ̀ méjì níṣẹ́: Samuel Johnson tó wà ní Ọ̀yọ́, àti Charles Phillips tó wà ní Oǹdó. Johnson ló ń lọ sọ́dọ̀ Aláàfin àti Ìbàdàn, Phillips ló ń lọ sọ́dọ̀ Èkìtìparapọ̀. Àwọn méjèèjì kì í ṣe lọ́yà. Wọn kò dá ẹjọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ láti ibùdó dé ibùdó, wọ́n ń béèrè ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbà, títí tí wọ́n fi kọ àdéhùn sílẹ̀ lóṣù Kẹfà, tí wọ́n sì kéde àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886.

Ṣùgbọ́n Ìlọrin kò sí nínú àdéhùn náà. Nítorí náà, bí ibọn ti dákẹ́ ní Kírìjì, kò dákẹ́ ní apá Ọ̀fà àti Ìkìrun. Ìgbà tí Gómìnà Carter wá ní 1893 ni wọ́n tó tú ibùdó ogun Ìbàdàn àti ti Ìlọrin ká. Ọdún méje làwọn èèyàn fi jìyà sí i nítorí ẹnìkan tí ọ̀rọ̀ kàn kò sí níbi ìjókòó. Òfin òde òní kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn tó bá gbà á nìkan ni ìlàjà dè. Bí ẹbí bá ní ẹ̀ka mẹ́rin, tí ẹ̀ka mẹ́ta péré sì jókòó, ẹ̀ka kẹrin lè dìde lọ́la, kóòtù yóò sì gbọ́ ọ.

Òfin 2023

Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tí wọ́n ń pè ní Arbitration and Mediation Act. Ó rọ́pò òfin ọdún 1988, èyí tó jẹ́ pé ìdájọ́ ẹni tí oníjà fúnra wọn yàn àti irú ìpẹ̀tù kan ló dá lé lórí. Òfin tuntun yìí fún ìlàjà ní apá tirẹ̀. Kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tó ní dandan ni kí onílàjà jẹ́ lọ́yà. Ohun tó ń béèrè ni pé kí àwọn tó ń jà fúnra wọn yàn án, kí ó má ṣe ojúsàájú, kí ó sì tètè sọ ọ́ síta bí ó bá ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bí ó bá jẹ́ àna ọ̀kan, tàbí tí ọ̀kan jẹ ẹ́ lówó, kí ó wí.

Òfin náà tún dáàbò bo àṣírí. Ohun tí wọ́n sọ níbi ìlàjà, irú bí "mo gbà pé mo ṣẹ̀," kò ṣeé mú lọ sí kóòtù láti fi gún ẹni tó sọ ọ́. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá sọ ohun kan fún onílàjà ní kọ̀rọ̀, tó ní kí ó má sọ ọ́, kò gbọ́dọ̀ tú u síta. Kò sí ohun tó ń ba ìlàjà ilé jẹ́ ní ìlú wa tó èyí. Ọ̀rọ̀ tí tọkọtaya sọ lẹ́kún níwájú àgbà, tí wọ́n wá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn aláta lọ́jà lọ́jọ́ kejì, ti pa ìlàjà tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú run.

Lójú òfin yìí, àdéhùn tó bá jáde nínú ìlàjà ní agbára. Ó de àwọn tó fọwọ́ sí i, kóòtù sì lè mú un ṣẹ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òwò láàárín ẹni tó wà níbí àti ẹni tó wà lókè òkun, àdéhùn àgbáyé kan tún wà, èyí tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní Singapore ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ 2019. Àwọn aládùúgbò wa náà kò sùn. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà lára àwọn tí òfin ìlàjà ọdún 2017 ti OHADA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó jọ ń lo òfin òwò kan náà, kàn. Ghana ní òfin tirẹ̀ láti 2010.

Àwọn wo ló wá ń ṣọ́ onílàjà? Kò sí láíséǹsì ìjọba kan tí ẹni tó fẹ́ làjà láàárín ìyálé àti ìyàwó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà. Ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ wà tó ń kọ́ni níṣẹ́ náà, irú bí Institute of Chartered Mediators and Conciliators, lọ́yà àti ẹni tí kì í ṣe lọ́yà ló sì wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá wà lábẹ́ kóòtù ní ìlànà tó le díẹ̀. Lagos Multi-Door Courthouse, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 2002, ló ṣáájú ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní irú ibẹ̀, onílàjà gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí ilé náà fọwọ́ sí, bí adájọ́ bá sì ti buwọ́ lu àdéhùn, ó ti di ìdájọ́ kóòtù. Àwọn lọ́yà pẹ̀lú ní ìlànà iṣẹ́ tó sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí oníbàárà wọn mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà kí wọ́n tó pẹjọ́.

Nígbà tí àgbà bá dájọ́ dípò kó làjà

Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọba àti àwọn ìjòyè ló ń jókòó dájọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀. Òfin Kóòtù Ìbílẹ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn tó jáde ní 1957 wá to ọ̀rọ̀ náà lákọ̀tun. Lónìí, abala 6 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi agbára ìdájọ́ sọ́wọ́ kóòtù. Ìjókòó ààfin kì í ṣe kóòtù mọ́. Ìyọ̀ǹda àwọn tó wá síbẹ̀ ló fún un lágbára.

Síbẹ̀, agbára yẹn kì í ṣe kékeré. Ní 1988, nínú ẹjọ́ Okpuruwu àti Okpokam, ọ̀pọ̀ nínú àwọn adájọ́ Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé òfin wa kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìdájọ́ àwọn àgbà lábẹ́ àṣà. Ní 1991, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ nínú ẹjọ́ Agu àti Ikewibe pé ó wà: bí àwọn tó ń jà bá fi ìfẹ́ inú ara wọn gbé ọ̀rọ̀ síwájú àgbà, tí wọ́n gbà pé ohun tí wọ́n bá dá ni àwọn yóò tẹ̀ lé, tí wọ́n ṣe é bí àṣà wọn ti wí, tí àgbà sì dá a, tí wọ́n kéde rẹ̀, ìdájọ́ náà dè wọ́n. Ẹni tó bá tún gbé e lọ sí kóòtù lè gbọ́ pé ọ̀rọ̀ náà ti tán.

Ẹ wá wo ewu tó wà níbẹ̀. Ìjókòó lè bẹ̀rẹ̀ bí ìlàjà, kí ó sì parí bí ìdájọ́, láìjẹ́ pé ẹni tó wà níbẹ̀ mọ ìgbà tó yí padà. Opó kan rò pé wọ́n kàn ń bá òun bẹ àna òun ni. Nígbà tí yóò fi dé kóòtù, wọ́n ní ó ti gba ìdájọ́. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ààfin àti gbogbo olórí ẹbí máa béèrè lákọ̀ọ́kọ́ nìyí: "Ṣé ẹ fẹ́ ká là yín níjà ni, tàbí ẹ fẹ́ ká dájọ́, kí ẹ sì gbà á?" Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ghana ti kọ irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú òfin 2010 tiwọn, níbi tí ìlàjà àti ìdájọ́ àṣà ti ní apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí ohun tó ní kí Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù má ṣe é fúnra wọn.

Ohun tí ìlàjà kò gbọ́dọ̀ gbé

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sí nínú agbára onílàjà. Ìpànìyàn, ìfipábánilòpọ̀, ìdigunjalè, ọ̀ràn ìjọba ni. Òfin ọ̀daràn wa, ní abala 127, sọ pé ẹni tó bá gba owó tàbí ohun mìíràn kó lè bo irú ọ̀ràn ńlá bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ti dá ọ̀ràn tirẹ̀. Àgbà tó ní kí àwọn òbí ọmọbìnrin gba owó, kí wọ́n má jẹ́ kí ayé gbọ́, kò làjà. Ó bá ọ̀daràn lọ́wọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin tí ọkọ ń lù: kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi dandan mú un jókòó ti ẹni tó ń bẹ̀rù, kí wọ́n wá pe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ní ìyọ̀ǹda.

Ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ní kóòtù tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó gbàṣẹ, Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ló lè tú u ká. Onílàjà lè mú wọn padà sọ́dọ̀ ara wọn, tàbí kí ó bá wọn fẹnu kò lórí owó ilé-ìwé ọmọ, ṣùgbọ́n kò lè kọ wọ́n sílẹ̀ fún ara wọn. Ọ̀rọ̀ oyè náà ní òfin tirẹ̀. Ìkìrun rí i ní 2022 bí awuyewuye lórí oyè Akínrun ṣe lè di rògbòdìyàn nígboro. Onílàjà lè tu àwọn ọ̀dọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò lè fi ẹnikẹ́ni jọba.

Ọ̀rọ̀ gbèsè náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí owó tí ẹnìkan jẹ wọ́n. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí àdéhùn tó bàjẹ́ tàbí gbèsè lásán. Kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ onílàjà ló yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ àkókò. Òfin fi iye ọdún sí ìgbà tí èèyàn lè pẹjọ́, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì ti sọ ní 1994, nínú ẹjọ́ Eboigbe àti NNPC, pé àkókò kì í dúró nítorí pé àwọn méjì ń sọ̀rọ̀ bí wọn yóò ṣe yanjú ọ̀rọ̀. Ẹni tí ìlàjà rẹ̀ ń fà gùn, kó tètè bi lọ́yà ìgbà tí ilẹ̀kùn kóòtù yóò tì mọ́ òun.

Iṣẹ́ ńlá ni àwọn àgbà wa ń ṣe. Bí gbogbo ìjà bá ní láti dé kóòtù, kóòtù kò ní gbà á, àwọn ẹbí kò sì ní kù. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n má fi ọlá nìkan ṣe é. Kí wọ́n gba ìyọ̀ǹda kí wọ́n tó gba ọ̀rọ̀. Kí wọ́n rí i pé gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló jókòó. Kí wọ́n pa àṣírí mọ́, kí wọ́n ka ìwé sí etí ẹni tí kò mọ̀wé, kí wọ́n sì fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ìwé ilẹ̀, kí wọ́n ránṣẹ́ pe lọ́yà. Bí ó bá ti di ti ọ̀ràn, kí wọ́n ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Onílàjà tó bá ń ṣe báyìí kò gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni ṣe, ìlàjà rẹ̀ yóò sì dúró níwájú adájọ́ yòówù.